Ohun Tó Yẹ Ká Tẹ́ Sínú Ilé Alángbá Onírùngbọ̀n

Ilẹ̀ gbígbẹ Ọsirélíà ni alángbá onírùngbọ̀n, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní bearded dragon, ti wá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé iyanrìn Odò Ògùn ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó bá ń sìn ín l'Abẹ́òkúta: ó wà nítòsí, kò sì wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á sínú ilé rẹ̀. Ilẹ̀ líle tí amọ̀ àti iyanrìn ti dì pọ̀ ni ẹranko yìí ń tẹ̀ níbi tó ti wá, kì í ṣe iyanrìn tó ń tú.

Ahọ́n ló fi ń mú oúnjẹ. Bó bá na ahọ́n sí ìrẹ̀, iyanrìn abẹ́ ìrẹ̀ náà á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì gbé e mì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó jọ sínú ìfun, pàápàá bí ibi tó ti ń yá oòrùn kò bá gbóná tó 38 sí 42°C, torí bí ara rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ kì í dà. Ẹ ó rí i pé kò yàgbẹ́ mọ́, ikùn rẹ̀ le, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn ìyàgbẹ́ ènìyàn. Ilé-ìwòsàn ẹranko ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, l'Alábàtà ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́búlẹ́bú pákó tí a ń tẹ́ fún adìyẹ kò dáa fún un: eruku rẹ̀ ń wọ ojú àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa omi mọ́ra lásìkò òjò. Èèpo ẹkùrọ́ tí a fọ́ mú bí abẹ. Kápẹ́ẹ̀tì onífọ́nrán ń há èékánná rẹ̀ títí á fi ya.

Táìlì ilẹ̀ la fọwọ́ sí. Ó ń gba ooru dúró sábẹ́ ikùn rẹ̀, ó ń bá a gé èékánná, fífọ̀ rẹ̀ kò sì nira. Ilé tó gùn ní 120 cm, tó fẹ̀ ní 60 cm, táìlì 30 × 30 cm mẹ́jọ péré ló gbà. Kí ẹ tó rà á, ẹ ta omi sójú rẹ̀, kí ẹ fi ìka fà á. Bí ìka bá ń yọ̀, ẹ fi sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ alángbá náà á máa là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ táìlì kó má baà máa mì. Ẹ má fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́, kó lè ṣeé ká. Ẹ fún àwọn táìlì náà mọ́ra dáadáa: bí àlàfo bá wà, ìrẹ̀ á sá wọ abẹ́ rẹ̀, á sì jáde lóru wá bu alángbá náà jẹ.

Ọmọ alángbá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìwé ìròyìn tàbí tíṣù ni kí ẹ tẹ́ fún un, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ á hàn kedere lórí rẹ̀: èyí tó dáa máa ń dì, ó sì máa ń ní funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Abo tó ti dàgbà lè yé ẹyin láìrí akọ. Bó bá ń họ ilẹ̀ kiri, ẹ gbé ọpọ́n ike fún un láti yé sí, kí iyanrìn tútù inú rẹ̀ jìn tó 20 cm. Ẹ fún un lọ́wọ́ wò: kó dì, kó má sì kán omi. Bó bá yé tán, ẹ gbé ọpọ́n náà kúrò.

Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ gbé alángbá náà jáde, kí ẹ fi ife Hypo kan sínú ife omi mẹ́wàá fọ táìlì, ẹ jẹ́ kó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣan án títí òórùn á fi kúrò, kí ẹ sá a gbẹ. Ìta ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kì í ṣe níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́: kòkòrò Salmonella ń gbé nínú ìgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń tètè bá jà.