Ẹ Hú Ewé Akíntọ́lá Kí Ó Tó Tanná

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń dáko ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí oṣù kọkànlá tó wọlé, ẹ lọ wo etí oko àti ẹ̀yìnkùlé yín bóyá ewé Akíntọ́lá ti gba ibẹ̀. Orúkọ ọmọ ìlú wa ni ó ń jẹ́ (àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀), ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Iṣan mẹ́ta ni ó hàn gbangba lára ewé rẹ̀, bí a bá sì rún un lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ a gba gbogbo imú.

Àdá nìkan ni mo máa ń fi bẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, àṣedànù sì ni, nítorí pé kùkùté rẹ̀ tún máa ń rú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkọ́ ni kí ẹ fi wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó tanná, atẹ́gùn ọyẹ́ ni yóò gbé èso rẹ̀ tí ó nírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ oko aládùúgbò. Èyí tí kò bá tíì tanná, ẹ tẹ́ ewé rẹ̀ sí ìdí ata kí ó jẹrà síbẹ̀.