Ẹ Má Kán Ohun Tí Ẹ Bá Ṣáà Rí Sójú: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ojú Bá Ń Tani Lójoojúmọ́

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé gíga kan. Bí àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń parí pírọ́jẹ́ẹ̀tì wọn bá dé, mo lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Nígbà kan, tó bá ti di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, á dà bíi pé wọ́n bu yanrìn sí mi lójú. Ojú á pọ́n, á máa ta mí, iwájú orí á máa fọ́ mi, lẹ́tà á sì máa ṣe bàìbàì. Mo gba kẹ́mísì àdúgbò lọ. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ ò bi mí ju ìbéèrè kan lọ kó tó na ìgò oògùn kékeré kan sí mi: "Ẹ máa kán an lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́." Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ojú mi fi funfun báláú. Inú mi dùn débi pé mo ra ìgò kejì pamọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà ojú tí mo lọ rí nítorí jígí. Ó ní kí n mú oògùn tí mò ń lò wá, ó ka ara ìgò náà, ó tún un kà. Dexamethasone ló wà nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó burú jù lọ nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Dexamethasone àti betamethasone wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù. Wọ́n wúlò bí dókítà bá fúnni, tó sì ń yẹ ojú náà wò. Wọ́n máa ń tètè pa ojú pípọ́n rẹ́, ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Bí èèyàn bá ń kán wọn lọ́sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, lóṣù lórí oṣù, omi inú ẹyin ojú lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù, kó máa ti ojú láti inú, kó sì máa pa iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ fún ọpọlọ. Glaucoma nìyẹn. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn ò ní fura, ìríran tó bá sì mú lọ kì í padà wá mọ́. Nínú ìwádìí lórí ojú fífọ́ tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, bí èèyàn 5 nínú 100 àwọn tó ti pé ọmọ 40 ọdún sókè ló ní in, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò sì mọ̀. Kátáráàtì, ìyẹn kí awò inú ẹyin ojú ṣú bíi kùrukùru, náà lè ti inú oògùn yìí wá. Kí ló wá yẹ kó gbé wa débẹ̀ nítorí ojú tó kàn ń ta wá?

Chloramphenicol tí àwọn ẹlòmíràn máa ń rà, kòkòrò àrùn ló wà fún. Ojú tí iṣẹ́ mú ta, kòkòrò kọ́ ló ń ṣe é. Àwọn oògùn tó kàn ń mú kí ojú funfun kíá náà ń bẹ: bí ẹ bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ẹ bá dá a dúró ni ojú á tún pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti ìtọ̀, omi ọyàn, omi ṣúgà àti omi ewé tí wọ́n ń kán fún èèyàn nílé, mo bẹ yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lè kó àrùn sójú, kí egbò wá dá síbi tó mọ́ gaara níwájú ẹyin ojú. Egbò náà lè jinná tán, kí àpá rẹ̀ dí ìríran pa.

Kí ló wá ń ṣe ojú gan-an? Lọ́pọ̀ ìgbà, a kì í ṣẹ́jú tó ni. Inú ojú ṣíṣẹ́ ni Yorùbá ti rí ọ̀rọ̀ náà "ìṣẹ́jú", ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15. Bó bá ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó lè wálẹ̀ sí 5 tàbí 7. Ojú tí a ṣẹ́ yẹn ló ń fi omijé pa ẹyin ojú lára. Bí a ò bá ṣẹ́ ẹ, ojú á gbẹ. Èmi tún gbé fáànù ka iwájú, ó ń fẹ́ sí mi lójú tààrà láti àárọ̀ dalẹ́! Ọjọ́ tí mo yí i sí ẹsẹ̀ ni mo ti rí ìyàtọ̀. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú bá ń gbẹ lóòótọ́, omijé àtọwọ́dá ni kí ẹ ní kí oníṣègùn júwe fún yín.

Ìdí kejì ni iṣan kékeré tó wà nínú ojú, tó máa ń sún kì ká tó lè rí ohun tó wà nítòsí. Ẹni tó tẹjú mọ́ ìwé fún wákàtí mẹ́ta dà bí ẹni tó gbé korobá omi dání tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Anshel, ló gbé òfin 20-20-20 kalẹ̀: ní ìṣẹ́jú 20-20, ẹ wo ohun tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì ni tèmi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni pé, wọ́n á ní àwọn ń sinmi, wọ́n á gbé fóònù. Fóònù tún sún mọ́ ojú ju kọ̀ǹpútà lọ. Ojú ò tíì sinmi rárá. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jìn sí yín tó ìwọ̀n apá kan, kí òkè rẹ̀ má ga ju ojú yín lọ. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ má wo fóònù nínú òkùnkùn biribiri. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù.

Ti jígí ló kù. Aránṣọ ni àǹtí mi, ó ti lé ní ọmọ ọdún 45. Bó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á fi itọ́ tẹ́ òwú náà lẹ́nu, á na abẹ́rẹ́ jìnnà réré sí ojú bí ẹni tó fẹ́ fún ẹlòmíràn, á dijú kan, á gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin, á wá ké sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, orí fífọ́. A ní kó lọ gba jígí, ó ní jígí ló ń ba ojú jẹ́, pé ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ò ní lè bọ́ ọ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 40 ọdún ni awò inú ẹyin ojú ti máa ń le, tí kò ní lè ká mọ́ bíi ti àtijọ́. Ẹ wọ jígí o, ẹ ò wọ̀ ọ́ o, á máa le lọ ni. Ìnira nìkan ni àìwọ̀ ń fi kún un.

Èyí tí wọ́n ń kiri láàárín gosiló ńkọ́? Agbára kan náà ló wà lójú rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀tún ẹlòmíràn ò rí bíi ti òsì. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń ta jígí nínú gosiló ò ní bá yín wọn ìfúnpá inú ojú, ìyẹn bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tì í tó. Ibi àyẹ̀wò jígí lọ́dọ̀ dókítà ojú ni wọ́n ti lè ká glaucoma mọ́ nígbà tó ṣì kéré. Jígí tí wọ́n ní ó ń dí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ẹ má torí ojú tó ń ta yín ná owó lé e: àjọ Cochrane, tó máa ń yẹ ìwádìí nípa ìlera wò, kó ìwádìí 17 jọ lórí rẹ̀ lọ́dún 2023, wọn ò rí ẹ̀rí pé ó dín in kù.

Ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣàdédé ṣú, bí ó bá pọ́n tó sì ń dunni gan-an, bí ẹ bá ń rí òṣùmàrè yí iná ká, tí orí ń fọ́ yín tí èébì sì ń gbé yín, tàbí tí nǹkan ń kọ mànà lójú yín, ẹ kọrí sí ọsibítù tó ní ẹ̀ka ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú ìgò oògùn yòówù tí ẹ ti ń kán dání, kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.