Híhọ ìlà sáàárín sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láti wo bí wọ́n ṣe ń rìn

Bí àlàfo tí a họ sáàárín sẹ́ẹ̀lì bá dí, ó lè jẹ́ pé wọ́n rìn wọ inú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn ń bí sí i. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìbísí ni yóò máa pè ní ìrìn.

MDA-MB-231, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá dáadáa, la ó lò. DMEM (omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì) tó ní FBS (omi inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù) 10% ni oúnjẹ rẹ̀, nínú ínkúbétọ̀ 37°C tó ní CO2 5%.

Kó o tó da sẹ́ẹ̀lì, fi máàkà àti rúlà fa ìlà sí ìdí kòtò kọ̀ọ̀kan lára àwo oníkòtò 24. Ìlà yìí lo máa fi dá ojú ibi tó o ya fọ́tò sí mọ̀. Da nǹkan bí 200,000 sẹ́ẹ̀lì sí kòtò kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ó yẹ kí wọ́n ti bo ilẹ̀ kòtò láìgun ara wọn; bí wọn ò bá tíì bò ó, má họ ọ́. Fi Mitomycin C, 10 µg/ml, sí wọn fún wákàtí méjì kí wọ́n má bàa pín mọ́, kó o sì fọ̀ ọ́ kúrò. Májèlé ni o, wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹnu pípẹ́ẹ̀tì 200 µl la fi ń họ ọ́. Gbé e dúró ṣánṣán, fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó gba orí ìlà máàkà kọjá. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ jù, ike abẹ́ rẹ̀ á ha, sẹ́ẹ̀lì á sì máa tọ ipa híha yẹn. Tó o bá padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, etí àlàfo á rí wúruwùru. Ọwọ́ ẹnì kan náà ni kó họ gbogbo kòtò.

Fi PBS (omi iyọ̀ tí a fi ń fọ sẹ́ẹ̀lì) fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbẹ́ ògiri kòtò ni kó o dà á gbà. Bó bá já lu àárín, sẹ́ẹ̀lì á ṣí kúrò ní odindi. Èyí tó bá ṣì ń léfòó lè balẹ̀ sínú àlàfo, wàá sì rò pé ó rìn débẹ̀ ni. Wá da DMEM tó ní FBS 1% péré sí i.

Ya fọ́tò lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí 6, 12 àti 24. Má jẹ́ kí àwo pẹ́ níta: CO2 á fò lọ, omi rẹ̀ á sì pọ́n sí àwọ̀ àlùkò. Fi ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn nǹkan lórí fọ́tò, wọn ojú àlàfo, yọ ti ìsinsìnyí kúrò nínú ti ìbẹ̀rẹ̀, fi ti ìbẹ̀rẹ̀ pín in, sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí gbogbo kòtò bá ti dí pátá ní wákàtí 24, ti wákàtí 12 ni kó o lò, torí 100% kì í fi ìyàtọ̀ hàn. Kòtò tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ń fà wọ́n mọ́ra, Transwell oníhò 8 µm, ìyẹn ife kékeré onídìí oníhò tó ń wọ inú kòtò, ló yẹ ọ́: 50,000 sẹ́ẹ̀lì nínú 200 µl tí kò ní FBS lókè, 600 µl tó ní FBS 10% nísàlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 16 sí 24, fi òwú nu ojú òkè, kó o fi crystal violet (aró àlùkò) kun ti abẹ́, kó o sì kà á. Tún ṣe kòtò kan tí kò ní FBS nísàlẹ̀ rárá. Bí iye sẹ́ẹ̀lì tó kọjá níbẹ̀ bá tó ti ìyókù, kì í ṣe FBS ló ń fà wọ́n.