Báíkà tó ná mi ní 29,500 náírà

Oṣù kejì ọdún yìí ni mo san 18,500 náírà fún báíkà kan, ṣòkòtò péńpé tó máa ń fún mọ́ itan, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Èkó. Owó wébìlì jẹ́ 4,000. Kí n tó rí ẹrù náà gbà ní Lokoja, mo ti ná 6,000 lórí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, wọ́n sì tún gba 1,000 lọ́wọ́ mi ní gáréèjì. Ẹ ro ó pọ̀ kí ẹ wò ó: 29,500 náírà lórí ṣòkòtò péńpé kan tí mi ò lè wọ̀ dé ìdí àpáta. Olùkọ́ ni mí. Owó oṣù ni mo yọ ọ́ nínú rẹ̀, ó sì ń dùn mí di òní.

Mo máa ń sáré ní ìdájí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mo máa ń jáde ní Kabba kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, màá gba ojú ọ̀nà oko tó la àárín oko kajú kọjá, màá sì padà kí oòrùn tó mú. Ní Sátidé, àwa mẹ́rin la máa ń lọ gun àpáta, Ogidi ní Ìjùmú la sì fẹ́ràn jù. Àpáta ibẹ̀ pọ̀. Béèyàn bá gùn ún débì kan, òrùlé ìlú á tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe é, mi ò sì gbà kí aṣọ lásán dá mi dúró.

Itan mi máa ń kan ara wọn. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, bí ó sì ṣe dá ọ̀pọ̀ obìnrin nìyẹn. Báíkà tí mò ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, 3,500 ni mo rà á lọ́jà. Ó dáa fún ìrìn ráńpẹ́. Ṣùgbọ́n Sátidé kan ní oṣù kìíní, ọyẹ́ ti ń lọ sílé, oòrùn sì mú wa lórí àpáta títí di ọ̀sán. Àtigùn kò ni mí lára. Àtisọ̀ ló di ìjà. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá ẹsẹ̀ òsì láti wá ibi tí màá tẹ̀, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fi pákó ha inú itan mi. Nígbà tí mo délé tí omi ìwẹ̀ kàn án, mo pariwo. Ojú ọgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju ìka àárín mi lọ, awọ ti bó. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá mi fi ń bá mi fi òrí pa á, mo sì ń rìn ní yíya ẹsẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé.

Mo yí báíkà náà síta kí n lè mọ ohun tó ṣe mí. Ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọn ní ìdí kà báyìí: kọ́tìnì 95, spandex, ìyẹn òwú tó ń fà, 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kọ́tìnì máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ó ń tutù, ó ń wúwo, ó sì ń fà mọ́ awọ ara títí yóò fi bó o. Èyí tó wá burú jù ni ojúùràn inú itan, ibi tí wọ́n ti rán aṣọ pọ̀: wọ́n kàn wífì í ni, etí aṣọ náà sì dúró gan-an bí okùn. Ọgbẹ́ mi tẹ̀ lé ojúùràn yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yà sí ibì kan.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé màá ra ojúlówó, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá. Mo rí ẹnì kan tó ń tà á láti Èkó lórí fóònù. Fọ́tò rẹ̀ dáa. Mo fi ìwọ̀n ìdí mi ránṣẹ́, íǹṣì 40. Ó ní, "L ló máa bá yín mu, ma." Mo béèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe gùn tó, ó ní á dé àárín itan. Mo sanwó. Ká ní mo béèrè pé íǹṣì mélòó gan-an ni "àárín itan" jẹ́, mi ò bá má kọ gbogbo èyí.

Ọjọ́ Ajé ni ẹrù kúrò ní Èkó. Awakọ̀ ní òun á já a sílẹ̀ ní Kabba nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó ní gáréèjì láti aago márùn-ún títí di mẹ́sàn-án, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ó di ọjọ́ kejì kó tó gbé e. "Àǹtí, ẹ má bínú. Èrò Kabba ò pọ̀, ọ̀nà Okene ni mo gbà já sí Lokoja. Mo ti gbé e fún wọn níbẹ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ Kabba àkọ́kọ́ gbé e wá."

Ọkọ̀ Kabba àkọ́kọ́ dé, kò sí ẹrù. Ìkejì dé, kò sí. Mo pe gáréèjì Lokoja lọ́jọ́rú, bàbá tó ń kọ ìwé ẹrù ní òun ò rí orúkọ mi. Mo pè é ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí n pè lọ́la. Mo pè é lọ́la, ó ní ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti lọ kírun. Mo tún pe awakọ̀, ó ní òun ti dé Àbújá. Mo pe ẹni tó tajà, ó ní ní tòun, ẹrù ti kúrò lọ́wọ́ òun, òun sì ní rìsíìtì. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sì sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú nítorí mi. Èyí ló bí mi nínú jù. Bí wọ́n bá sọ pé ó ti sọnù, màá mọ̀ pé ó ti sọnù.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lokoja fúnra mi. Tírélà sìmẹ́ǹtì dí ọ̀nà ní Obajana, a sì dúró nínú eruku fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń kà nípa spandex lórí fóònù mi. Joseph Shivers tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ló ṣe é jáde ní ọdún 1958. Òwú yẹn lè fà gùn dé ìlọ́po márùn-ún kó sì padà sí bó ṣe wà, òun ló ń mú kí aṣọ fún mọ́ra láìdí èèyàn lọ́wọ́. Mo tún rí i kà pé báíkà eré sísá sábà máa ń jẹ́ òwú nylon tàbí polyester, spandex inú rẹ̀ á sì tó 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Mo ní ó kéré tán, ohun tó dáa ni mò ń lọ gbà.

Abẹ́ àpò gààrí ni wọ́n ti fa ẹrù mi yọ. "KABBA" ni wọ́n fi ìkọ̀wé gàdàgbà kọ sára ọ̀rá rẹ̀, orúkọ mi àti nọ́ńbà mi sì wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà níbẹ̀, ọkọ̀ Kabba sì ń kúrò ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ogún sí i lójoojúmọ́. Wọ́n wá ní kí n san owó ilẹ̀. Mo san án, torí pé mo fẹ́ dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo wọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Aṣọ dáa, ojúùràn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n láti ojú ibi tí itan méjèèjì ti pàdé: íǹṣì mẹ́rin. Nígbà tí mo rìn yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ká sókè, ó sì dì sí òkè itan mi bí òṣùká. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní yóò fà tó bá yá. Aṣọ a máa fà ní ìbú, kì í ti ara bẹ́ẹ̀ gùn sí i! Ó ní bí mi ò bá fẹ́ ẹ, kí n fi owó ara mi dá a padà.

Mo gbé e tọ Ìyá Télọ̀ lọ ní ẹ̀yìn ilé wa bóyá wọ́n lè fi aṣọ kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ mi ò lè rán èyí kó pẹ́." Wọ́n rán díẹ̀ sí etí àjákù kan kí n lè rí i, wọ́n sì fà á. Òwú ìránṣọ lásán kì í fà, aṣọ ń fà, ni òwú bá ń já, tá, tá, tá, títí ó fi tú tán. Ojú mi báyìí. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọn ò kàn gbowó lọ́wọ́ mi kí wọ́n sì ba báíkà náà jẹ́.

Alẹ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi, nígbà tí mò ń fi òrí pa àpá itan mi. Ọgbẹ́ yẹn gan-an ni tépù. Mo wọ̀n láti ibi tí itan ti pàdé dé ibi tí àpá náà parí sí: íǹṣì mẹ́fà. Mo fi méjì kún un, torí pé ẹsẹ̀ ṣòkòtò máa ń ká sókè díẹ̀ béèyàn bá ń gun òkè. Mẹ́jọ. Mo wọ̀n ibi tí itan mi ti tóbi jù pẹ̀lú. Nínú gbogbo ìbéèrè tí ẹni Èkó yẹn bi mí, kò sí ìkankan nípa itan, bẹ́ẹ̀ itan ló ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo mú tépù lọ sí ìdí bósíkọ́nà. Mo dúró ti òkìtì aṣọ náà fún wákàtí kan gbáko. Bí mo bá mú ọ̀kan, màá kọ́kọ́ wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú. Bí kò bá pé íǹṣì mẹ́jọ, mo ti jù ú sílẹ̀. Màá fà á láàárín ọwọ́ méjèèjì, màá jọ̀wọ́ rẹ̀. Èyí tí spandex rẹ̀ ti kú kì í padà, á wú síbẹ̀ bí orúnkún ṣòkòtò àgbà. Màá fi ẹ̀yìn ètè mi ra ojúùràn inú rẹ̀, torí pé ètè máa ń gbọ́ ohun tí àtẹ́lẹwọ́ ò gbọ́. Ẹni tó ń tajà ń wò mí, mi ò dá a lóhùn. Mo tún wo ojú abẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n fi ègé aṣọ kan bọ àárín rẹ̀, kí ojúùràn mẹ́rin má baà pàdé lójú kan ṣoṣo. Dúdú kan yege gbogbo rẹ̀: nylon 78, spandex 22, ìgbànú fẹ̀, àpò fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wọ̀ ọ́ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mi lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta, mo lóṣòó, mo gbé orúnkún dé àyà, mo mí kanlẹ̀. Ó dì mí mú, kò fún mi lọ́rùn. 2,500 ni wọ́n pè é, mo ná an di 2,000.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí fífọ̀ rẹ̀. Omi tútù àti ọṣẹ, ẹ sá a síbòòji. Ẹ má fi háípò sí i, ẹ má lọ̀ ọ́. Pátá kọ́tìnì ni mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà: ẹ má wọ̀ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ojúùràn tí ẹ sá fún ló máa bá yín lọ. Bí mo bá fẹ́ gba àárín ìlú kọjá, mo máa ń ró ìró lé e lórí, màá sì ká a sínú báàgì tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà oko.

Sátidé mẹ́ta ni mo ti fi gun àpáta báyìí. Ìgbà kejì, wèrèpè rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi tó wọ ṣòkòtò kúkúrú fi eékánná ya itan rẹ̀ kí a tó dé odò. Tèmi lẹ̀ mọ́ aṣọ, mo fi ewé gbígbẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi kàn án. Nígbà tí mo délé, mo da omi sára, mo dúró, mo ń retí ìrora àtijọ́. Kò sí. Mo fi ọwọ́ ra inú itan mi, ó ń jọ̀lọ̀.

Báíkà Èkó yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Àbúrò mi tó kéré sí mi lára ti ní òun á mú un, mo sì ní kó kọ́kọ́ fi tépù wọ̀n itan rẹ̀.