Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Tọ Ìtàn Kọ́tàsì Iléeṣẹ́ Wá, láti Láfẹ́nwá dé Ewékorò

Tí wọ́n bá ní káwa ará Abẹ́òkúta sọ ìtàn ìlú, Olúmọ náà la máa kọ́kọ́ dárúkọ, Ṣódẹkẹ́, 1830, ó parí. Mi ò bá yín jà sí i o. Ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà lágbègbè wa tó jẹ́ pé kì í ṣe mọ̀lẹ́bí ló kọ́ wọn, iléeṣẹ́ ló kọ́ wọn fún òṣìṣẹ́, ti réluwé, ti sìmẹ́ǹtì, kọ́tàsì là ń pè wọ́n, àwọn tó sì gbé inú wọn ti ń darúgbó, ọ̀pọ̀ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó gbé iléeṣẹ́ náà débẹ̀. Ti Láfẹ́nwá, ojú irin ni. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á láti Èkó, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá odò Ògùn, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Lásìkò yẹn àwa Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tiwa, 1914 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á, torí náà bẹ́ ẹ bá ń wá ìwé ilẹ̀ réluwé, ìwé ìjọba Èkó nìkan ò tó, ẹ wá ti ìjọba Ẹ̀gbá náà. Ti Ewékorò, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, Èkó tó máa rà á ò sì jìnnà. Ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà àti kọ́ńpìnnì méjì, UAC àti Blue Circle, ló dá WAPCO, iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì náà, sílẹ̀ ní 1959, sìmẹ́ǹtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1960. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Nkalagu nílẹ̀ Ìgbò ló ṣáájú rẹ̀, 1957.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ fẹsẹ̀ rìn káàkiri ibẹ̀. Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò o, àwọn kan ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹ ya àwòrán kọ́tàsì náà sórí ìwé: èwo ni ilé ọ̀gá tó ní ọgbà àti BQ (ilé kékeré fáwọn ọmọ ọ̀dọ̀) lẹ́yìn, èwo ni yàrá tó tò lọ gbọọrọ táwọn èèyàn jọ ń lo ilé ìdáná kan? Bó bá jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì, ẹ bi wọ́n pé apá ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbé eruku lọ, ta ni wọ́n sì kọ́lé fún níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù rèé: owó ilé, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́, tó tún ni òrùlé tó wà lórí ọmọ rẹ, kò kéré o. Ẹ wo Pullman lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. George Pullman tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kọ́ odindi ìlú fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ní nǹkan bí 1880, ilé bíríkì tó rẹwà gan-an, omi ń yọ. Nígbà tọ́jà wá dẹnu kọlẹ̀ ní 1893, ó gé owó iṣẹ́ wọn, kò sì dín kọ́bọ̀ nínú owó ilé, ni wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1894, ìyanṣẹ́lódì yẹn sì dá réluwé ibi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà dúró. Ní 1898 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí Chicago wà, ní kí kọ́ńpìnnì náà ta àwọn ilé yẹn, pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ láti máa ni ìlú. Port Sunlight náà ń bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Lever bẹ̀rẹ̀ ní 1888 fáwọn tó ń se ọṣẹ, ilé tó dáa ni, àmọ́ òróró tí wọ́n fi ń se ọṣẹ yẹn, lára ẹ̀ ti ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín lọ, àwọn màmá tó ń pa ẹ̀kùrọ́ ò sì rí kọ́tàsì kankan gbà.

Torí náà bẹ́ ẹ bá jókòó ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì, ẹ má bi í pé ṣé ìgbà yẹn dáa, wọ́n á kàn ní "a gbádùn o". Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé látinú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó ilé? Ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ̀yìntì ńkọ́, oṣù mélòó ni wọ́n fún yín kẹ́ ẹ fi kó jáde? Tí òṣìṣẹ́ bá kú, kí ni wọ́n ń ṣe fún ìyàwó ẹ̀?" Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní agbo ilé nílé, ní Ìtòkò tàbí Ìkìjà, torí ẹni tó níbi tó lè padà sí lè bá ọ̀gá jiyàn, àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè máà lè sọ̀rọ̀. Ẹ má fàwọn ìyá sẹ́yìn, àwọn ló mọ ìgbà tómi ń yọ, wọ́n mọ iye tí wọ́n ń ra gààrí, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n lé jáde.

Ti ìwé, ẹ tọrọ ìwé owó oṣù (payslip) àti lẹ́tà tí wọ́n fi fún wọn nílé, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. National Archives tó wà nínú UI n'Ìbàdàn ní fáìlì ìjọba amúnisìn, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn ará kọ́tàsì bóyá ìjọba ti ta ilé náà fáwọn tó ń gbé inú ẹ̀, torí ìgbà Ọbásanjọ́ ni ìjọba àpapọ̀ ta ọ̀pọ̀ ilé òṣìṣẹ́.

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá gbà sórí fóònù, ẹ fi orúkọ àdúgbò àti ọdún sọ fáìlì náà lórúkọ, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sáwọn ọmọ bàbá tàbí ìyá tó bá yín sọ̀rọ̀.