Bí mo ṣe mú sẹ́ẹ̀lì feeder dì, àti ìdí tí mo fi da ìgò 11 nù

Sẹ́ẹ̀lì stem, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara, tí mò ń tọ́ kì í fẹ́ dá gbé inú abọ́ lásán. A ní láti kọ́kọ́ tẹ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn sílẹ̀ fún un, bí ẹni tẹ́ ẹní de ọmọ tuntun. Feeder là ń pe ìwọ̀nyí. Ara ọlẹ̀ eku tó ti lo nǹkan bí ọjọ́ 13 nínú ìyá rẹ̀ ni tiwa ti wá. Kí wọ́n wà láàyè, kí wọ́n máa tu èròjà jáde, kí wọ́n má sì bí sí i: ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n kò ju ìyẹn lọ. Feeder tó bá ń bí sí i yóò bo ọmọ tó yẹ kó tọ́ mọ́lẹ̀.

Mitomycin C ni mo fi dá wọn dúró, máíkírógíráàmù 10 nínú mìlílítà kan, fún wákàtí 3. Oògùn yìí máa ń so okùn DNA méjèèjì pọ̀, wọn ò ní lè yà mọ́, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní lè pín. Òun náà ni Martin Evans àti Matthew Kaufman, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó tọ́ sẹ́ẹ̀lì stem láti ara ọlẹ̀ eku, fi dá feeder tiwọn dúró ní 1981. Májèlé ni o. Mo fi PBS, omi oníyọ̀ tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára, ṣan sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mẹrin, torí èyí tó bá ṣẹ́kù lè pa sẹ́ẹ̀lì stem lọ́la.

Dídì kò le. Serum, ìyẹn omi ara ẹ̀jẹ̀, ìdá 90 nínú 100, DMSO ìdá 10, sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 2 nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. DMSO ni kì í jẹ́ kí yìnyín gún sẹ́ẹ̀lì ya, àmọ́ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá tíì tutù, òun fúnra rẹ̀ ń bà wọ́n jẹ́, nítorí náà kì í ṣe àsìkò ìtàkúrọ̀sọ. Mo kó ìgò náà sínú àpótí tí ọtí isopropanol yí ká, kí òtútù lè máa wọlé ní ìwọ̀n Celsius 1 ní ìṣẹ́jú kan, mo sì gbé e sínú fìríìsà -80. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó bọ́ sínú nitrogen olómi, ní -196. Ọ̀wọ́ méjì, ìgò 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ń parí rẹ̀ sí. Èmi mú ìgò kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, mo yọ́ ọ nínú omi ìwọ̀n 37 títí yìnyín inú rẹ̀ fi kù bí èékánná ọmọ ọwọ́. Mo po trypan blue mọ́ díẹ̀. Èyí tó ti kú, awọ ara rẹ̀ ti ya, aró búlúù á wọlé. Èyí tó yè á máa dán. Nínú 212 tí mo kà, 187 yè. Mycoplasma, kòkòrò bakitéríà tín-ín-tín tó máa ń wọ inú abọ́ sẹ́ẹ̀lì, ńkọ́? Kò ní ògiri ara, pẹnisílíìnì kò rí i mú. Kì í sì í jẹ́ kí omi dọ̀tí kéèyàn fura. PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA kòkòrò, ni mo fi wá a, n kò rí i.

Mo wá tẹ́ sẹ́ẹ̀lì 300,000 láti inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tirẹ̀, mo kà wọ́n ní ọjọ́ kìíní, ìkẹrin àti ìkeje. Ọ̀wọ́ kìíní ń dín kù bó ṣe yẹ. Ti ọ̀wọ́ kejì jẹ́ 236,000, ó di 251,000, ó di 410,000! Mo wò ó lábẹ́ máíkíróskóòpù, mo sì rí àwọn tó ń pín: róbótó, méjì méjì, bí ìbejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tira wọn.

Ọjọ́ tí mo fi oògùn sí i ni mo rántí. Pẹpẹ inú incubator, àpótí tó ń mú sẹ́ẹ̀lì móoru, dagun, oògùn sàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì kò sì rí tó. Ọ̀gá mi ní ká tún fi mitomycin sí i lẹ́yìn tí a bá yọ́ ọ. Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Sẹ́ẹ̀lì tó ti gba oògùn lẹ́ẹ̀kan, tó dì, tó yọ́, kí ló tún kù lára rẹ̀? Ìgò 11 lọ sínú bleach. Ó dùn mí.

Mo gbé sẹ́ẹ̀lì stem lé ọ̀wọ́ kìíní. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n ti ṣù jọ, etí wọn ń dán. Ní báyìí, kí n tó gbé flask wọlé, abọ́ omi aláró kan ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sórí pẹpẹ, mo sì ń wo ẹ̀gbẹ́ tí aró náà ń sàn sí.