Rọ́bà oúnjẹ màmá mi yọ lóru

Aago méjì òru, nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, rọ́bà tí màmá fi ń jẹun, tó gba ihò kan lára ikùn wọn wọ àpòlúkù, yọ kúrò. Bàlúùnù kékeré tó dì í mú nínú ti jo.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tì í padà. Mo ní rárá o. Lóòótọ́, ihò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dí láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ṣìnà, tí oúnjẹ dà sẹ́yìn àpòlúkù, ewu ńlá ni. A fi gọ́ọ̀sì bò ó, ó di ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì fi tuntun sí i, ó fa omi ikùn jáde, ó fi bébà wo bó ṣe kan tó, láti mọ̀ bóyá inú àpòlúkù ni rọ́bà wà: pH rẹ̀ (òdiwọ̀n kíkan; bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe ń kan tó) jẹ́ 4. Kò gbọdọ̀ ju 5.5 lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jẹun.

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mò ń fi sìríńjì yẹ omi bàlúùnù náà wò, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń bínú díẹ̀.